Ẹnì Kan Láti Ilé Kan: Ìtàn Ọkọ̀ Adóòlà Penlee

Ọ̀rọ̀ inú ètò wa ti ọ̀sẹ̀ yìí rèé. A kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn láti máa kà, àti ẹ̀yin tí dátà ò jẹ́ kí ẹ lè gbọ́ ọ.

Bí ẹ bá wà nínú bọ́ọ̀sì, ẹ di fóònù yín mú dáadáa. Bí ẹ bá wà nílé, ẹ fìdí kalẹ̀, torí ìtàn tòní gba ìfarabalẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé mi dé ìdí rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, mo wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ìkòròdú, mò ń lọ sí ìsàlẹ̀ Èkó. Nígbà tí a dé àárín ọ̀sà, ẹ́ńjìnnì kú. Awakọ̀ fà á títí, kò jí. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wa lọ díẹ̀díẹ̀. Jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fún mi wọ̀, okùn rẹ̀ ti já, ọwọ́ ni mo fi dì í mú mọ́ àyà. Màmá kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń pe Jésù, bọ̀dá tó wà níwájú ń ṣe fídíò. Ta ló wá gbà wá? Ọkùnrin méjì tí wọ́n ń ti ibi ìpẹja bọ̀ nínú ọkọ̀ onígi. Wọ́n ju okùn sí wa, wọ́n sì fà wá dé èbúté. Wọn ò gba kọ́bọ̀. Mi ò mọ orúkọ wọn títí dòní.

Láti ọjọ́ yẹn ni ìbéèrè kan ò ti kúrò lọ́kàn mi: bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu lórí omi, iṣẹ́ ta ni láti lọ? Ibi tí mo ti ń wá ìdáhùn kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti bá ìtàn abúlé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàdé. Mo kà á di aago mẹ́ta òru, n ò sì lè sùn mọ́. Òun ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Abúlé tí wọ́n ń pè ní ihò eku

Orúkọ abúlé náà ni Mousehole. Bí ẹ bá wò ó lórí ìwé, ihò eku ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá débẹ̀ tí ẹ pè é bí wọ́n ṣe kọ ọ́, wọ́n á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé àlejò ni yín. Ohùn tí àwọn onílé fi ń pè é sún mọ́ "Máúsùlù". Abúlé apẹja ni, ní agbègbè Cornwall, ní ìkángun gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ilé rẹ̀ olókùúta fún mọ́ra yí èbúté kékeré kan ká. Newlyn wà nítòsí rẹ̀, Penzance náà ò jìnnà, gbogbo wọn sì kọjú sí apá òkun tó ya wọ ilẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Mount's Bay.

Òkun ibẹ̀ kì í ṣe eré o. Àpáta ló pọ̀ létí rẹ̀, ìjì sì máa ń ti orí òkun Àtìláńtíìkì wá láìsí ohun tó dá a dúró lọ́nà. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá kú níbẹ̀ lásìkò ìjì, àpáta ni omi máa gbé e lọ bá.

Ìdí nìyẹn tí àwọn ará ibẹ̀ fi ní ọkọ̀ adóòlà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n kàn lọ́nà tí ìgbì ò fi lè tètè ṣẹ́gun rẹ̀ ni, iṣẹ́ kan ṣoṣo tó sì ń ṣe ni pé kó lọ gbé àwọn tó wà nínú ewu wálé. Ní Penzance, ọdún 1803 ni wọ́n ti ní irú rẹ̀ àkọ́kọ́, òun sì ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Cornwall. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó dójú ẹ̀, wọ́n tà á ní 1812. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ọkọ̀ ò ṣòro rà tó bí ó ṣe ṣòro láti máa tọ́jú lọ́dọọdún.

Ẹni tó wá ojútùú sí ìyẹn ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ William Hillary. Erékùṣù Man ló ń gbé, ó sì ti fojú ara rẹ̀ rí ọkọ̀ tó ń fọ́ àti èèyàn tó ń kú sómi. Ó kọ̀wé sí gbogbo orílẹ̀-èdè rẹ̀ pé kí wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí nìkan. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta ọdún 1824, wọ́n dá a sílẹ̀ ní London. Láti 1854 ni wọ́n ti ń pè é ní Royal National Lifeboat Institution, RNLI. Ẹ̀mí tí wọ́n ti gbà là láti ìgbà náà ju 140,000 lọ.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù rèé: RNLI kì í ṣe ilé iṣẹ́ ìjọba. Owó tí àwọn èèyàn ń dá ló ń gbé e dúró. Àwọn kan ń ju ṣílè sínú kóló, àwọn míì ń kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún wọn pé bí àwọn bá kú, kí wọ́n fi nǹkan báyìí ra ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó ń wọ ọkọ̀ náà lọ sójú òkun ni wọ́n yọ̀ǹda ara wọn. Wọn kì í gba owó oṣù. Apẹja ni wọ́n, bíríkìlà, tíṣà, olùtajà. Bí ìpè bá dé, ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́ á fi oúnjẹ sílẹ̀.

RNLI bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Penzance ní 1853. Wọ́n gbé ọkọ̀ náà lọ sí Newlyn ní 1908. Ní 1913, wọ́n kọ́ ilé tuntun fún un ní Penlee Point, lẹ́bàá Mousehole gan-an. Ìdí tí wọ́n fi yan ibẹ̀ ni pé bí omi bá kún tàbí bó fà, ọkọ̀ á rí ọ̀nà bọ́ sínú òkun. Ilé náà wà lókè, wọ́n wá ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan láti ẹnu rẹ̀ dénú omi. Wọ́n á tú okùn, ọkọ̀ á yọ́ wìì, ó di gbàmù lójú omi.

Láti ìgbà náà, àwọn ìdílé kan náà ló ń wọ ọkọ̀ yìí, látorí bàbá dórí ọmọ. Ní 1936, Frank Blewett tó jẹ́ olórí atukọ̀ gba àmì ẹ̀yẹ idẹ, nítorí àwọn mẹ́sàn-án tí wọ́n yọ nínú ọkọ̀ Taycraig. Ní oṣù Kẹrin 1947, wọ́n ń wọ́ ọkọ̀ ogun ńlá kan tó ń jẹ́ Warspite lọ síbi tí wọ́n ti máa tú u palẹ̀, ni ìjì bá gbà á lọ́wọ́ wọn, ó sì forí sọ àpáta. Edwin Madron àti àwọn èèyàn rẹ̀ lọ, wọ́n sì kó àwọn mẹ́jọ tó wà nínú rẹ̀ wálé. Ẹ má gbàgbé orúkọ méjèèjì yìí o, Blewett àti Madron. Ẹ máa tún gbọ́ wọn.

Alẹ́ ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá, 1981

Ọjọ́ Sátidé ni. Kérésìmesì ku ọjọ́ mẹ́fà. Mousehole gbajúmọ̀ fún iná mèremère tí wọ́n máa ń so yí èbúté wọn ká lásìkò ọdún. Charlie Greenhaugh wà nínú àwọn tó máa ń ṣètò iná náà. Òun náà ló ń bójú tó ilé ọtí tó wà létí èbúté, òun náà sì wà lára àwọn tó ń wọ ọkọ̀ adóòlà.

Lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń jẹ́ Union Star ń ti Netherlands bọ̀, ó kó ajílẹ̀ lọ sí Ireland. Ọkọ̀ tuntun ni, ìrìn àjò rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn. Èèyàn mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀: ọ̀gá ọkọ̀, òṣìṣẹ́ mẹ́rin, ìyàwó ọ̀gá ọkọ̀, àti àwọn ọmọbìnrin ìyàwó náà méjì tí wọn ò tíì pé 20 ọdún. Ọ̀gá ọkọ̀ gbé ìdílé rẹ̀ dání kí wọ́n lè jọ ṣọdún.

Omi òkun wọnú epo, ẹ́ńjìnnì kú. Wọ́n gbìyànjú títí, kò jí. Ọkọ̀ ńlá kan tó jẹ́ ti àwọn ará Netherlands, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa wọ́ ọkọ̀ tó bá dẹnu kọlẹ̀, wà nítòsí. Ó ní òun á wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n àdéhùn wà nídìí ẹ̀: ọkọ̀ tó bá gbà ẹ́ sílẹ̀ lọ́nà bẹ́ẹ̀ máa ní ẹ̀tọ́ sí owó gọbọi lórí ọkọ̀ rẹ àti ẹrù inú rẹ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ ò kọ́kọ́ gbà. Ó fẹ́ bá àwọn tó ni ọkọ̀ sọ̀rọ̀, ó sì ń retí pé ẹ́ńjìnnì á jí. Nígbà tó máa fi gbà, òkun ti le débi pé ọkọ̀ náà ò rí okùn so mọ́ wọn mọ́. Àwọn èèyàn ti jiyàn lórí wákàtí yẹn títí. Ní tèmi, mo ti jókòó sínú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú rí. Mo mọ bó ṣe rọrùn tó láti sọ lọ́kàn ara ẹni pé, "ó máa jí báyìí."

Afẹ́fẹ́ ọjọ́ náà ń sáré tó nǹkan bí kìlómítà 160 ní wákàtí kan. Ìgbì ga tó 60 ẹsẹ̀ bàtà, ìyẹn ilé alájà márùn-ún! Hẹlikópítà kan wá láti ibùdó àwọn ológun ojú omi ní Culdrose. Ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń bá wọn ṣiṣẹ́, Russell Smith, ló ń wà á. Wọ́n sọ okùn kalẹ̀ léraléra, pàbó ló já sí. Ọkọ̀ náà ń lọ sókè sódò débi pé òpó orí rẹ̀ fẹ́ẹ̀ kan hẹlikópítà.

Ó wá ku ọkọ̀ adóòlà Penlee. Solomon Browne ni orúkọ rẹ̀, igi ni wọ́n fi kàn án, 1960 ni wọ́n kàn án, gígùn rẹ̀ ò ju 47 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Trevelyan Richards, ẹni ọdún 56, ni olórí atukọ̀. Kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì. Ní 1975, wọ́n ti fún un ní àmì ẹ̀yẹ idẹ nítorí bó ṣe wá àwọn tó wà nínú ọkọ̀ Lovat nínú ìjì.

Àwọn tó wá lálẹ́ ọjọ́ náà ju iye tí ọkọ̀ nílò lọ. Richards ní láti yan méje. Ó mú Stephen Madron. Ó mú John Blewett. Ó mú Charlie Greenhaugh, Barrie Torrie, Kevin Smith àti Gary Wallis. Ó mú Nigel Brockman. Ọmọ Nigel, Neil, ọmọ ọdún 17, bá bàbá rẹ̀ wá, òun náà fẹ́ lọ. Richards wo ojú òkun, ó wo bàbá, ó wo ọmọ. Ó ní rárá o, òun ò ní mú ẹni méjì láti ilé kan ní irú alẹ́ báyìí.

Àwọn àgbà wa ní òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Richards mọ bí òkun ṣe ń hó. Kò kọ̀ láti lọ, ṣùgbọ́n ó ti ń ro ti àwọn tó máa kù sílé kó tó gbéra.

Ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú 12, wọ́n tú ọkọ̀ sílẹ̀, ó sì bọ́ sínú òkun.

Awakọ̀ hẹlikópítà wà lókè, ó ń wò wọ́n. Wọ́n ń sún mọ́ Union Star, ìgbì á gbé wọn kúrò, wọ́n á tún padà. Ìgbà kan wà tí ìgbì gbé Solomon Browne sókè pátápátá, tó gbé e lé orí ọkọ̀ kejì, tó tún yọ́ padà sómi. Wọ́n tún padà lọ. Àwọn tó wà nínú Union Star bẹ̀rẹ̀ sí í fò sọ́dọ̀ wọn. Lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án, ohùn wọn dún lórí rédíò àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun ní Falmouth: ẹni mẹ́rin ti wà lọ́wọ́ àwọn. Kí ọ̀rọ̀ yẹn tó parí, rédíò dákẹ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun pè wọ́n, pè wọ́n. Kò sí ìdáhùn.

Bí wọ́n bá ti gbé mẹ́rin yẹn wálé, kò sẹ́ni tó máa dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n èèyàn ṣì kù nínú ọkọ̀ yẹn. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà sọ pé ibi tí wọ́n ti ń gbìyànjú láti gba gbogbo wọn là ni òkun ti gbé wọn. Awakọ̀ hẹlikópítà náà kọ̀wé pé ìwà akin tó ga jù lọ tí òun rí rí nìyẹn.

Ọkọ̀ adóòlà mẹ́ta míì láti agbègbè náà jáde sínú ìjì kan náà láti wá wọn. Ilẹ̀ mọ́, àfọ́kù igi ni wọ́n rí. Èèyàn 16 ló kú: mẹ́jọ inú Union Star, mẹ́jọ inú Solomon Browne. Kì í ṣe gbogbo òkú wọn ni wọ́n rí gbé.

Ọjọ́ kejì

Ibi tí mo ti dákẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì mi rèé, tí mo gbé fóònù sílẹ̀.

Abúlé kékeré ni. Kò sí ilé tí ọ̀rọ̀ náà ò kàn. Ọmọ pàdánù bàbá, ìyàwó pàdánù ọkọ. Síbẹ̀, kí ọjọ́ kan tó pé, àwọn èèyàn láti Mousehole ti forúkọ sílẹ̀ tó láti fi di ẹgbẹ́ atukọ̀ tuntun. Òkun tó gbé àwọn mẹ́jọ lọ lánàá, wọ́n ní àwọn náà ṣetán láti lọ sórí rẹ̀.

Owó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ìdílé náà, ó ju mílíọ̀nù mẹ́ta pọ́n-ùn lọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ di pé ìjọba fẹ́ yọ owó orí nínú rẹ̀, ariwo tó sọ kọjá kékeré, ni wọ́n bá jáwọ́. RNLI fún Trevelyan Richards ní àmì ẹ̀yẹ wúrà lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó sì fún àwọn méje yòókù ní idẹ.

Ní 1983, ọkọ̀ tuntun, Mabel Alice, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n sì gbé ibùdó náà padà sí Newlyn. Wọn ò yí orúkọ rẹ̀ padà; Penlee ni wọ́n ṣì ń pè é. Ilé àtijọ́ náà ṣì wà lórí àpáta, pẹ̀lú ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀, ọgbà ìrántí kékeré kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá, láti aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án alẹ́, wọ́n máa ń pa iná Kérésìmesì Mousehole.

Neil ńkọ́, ọmọ ọdún 17 tí wọ́n dá padà? Ó wọ ẹgbẹ́ atukọ̀. Nígbà tó yá, ó di olórí atukọ̀ ibùdó Penlee, ó sì wà nípò yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ rò ó wò. Bí Richards bá ti gbà á láyè lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìdílé náà ì bá pàdánù bàbá àtọmọ, ibùdó náà ì bá sì pàdánù olórí rẹ̀ ọjọ́ iwájú. "Ẹnì kan láti ilé kan" ló jẹ́ kí ẹnì kan ṣẹ́ kù tó máa gbé iṣẹ́ náà lọ.

Kí ló wá kàn wá níbẹ̀?

Lẹ́yìn tí mo ka ìtàn yìí tán, mo padà lọ sí èbúté tí wọ́n fà wá dé lọ́jọ́ náà. Mo ra páálí máàtì kan dání, mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin méjì yẹn. N ò bá wọn. Mo ṣàlàyé fún bàbá kan tó ń tún àwọ̀n ṣe. Bàbá ní, "Má yọ ara ẹ lẹ́nu, ọmọ mi. Ẹni tó bá wà nítòsí ló máa ń lọ." Ó bá mi gba máàtì náà, ó sì pín in fún àwọn tó wà níbẹ̀.

Èmi gbà pé ohun tó gbé àwọn ará Mousehole jáde náà nìyẹn: ẹni tó bá wà nítòsí ló máa ń lọ. A ò fi akin jù wá. Ohun tí wọ́n ní tí bàbá yẹn ò ní ni ilé tí ọkọ̀ ń sùn sí, rédíò, aṣọ tó dáa, àwọn tó ń dáwó lọ́dọọdún, àti olórí tó láṣẹ láti sọ pé, "ìwọ, padà sílé." Àwọn tiwa ń fi ọkọ̀ ìpẹja wọn àti epo tí wọ́n fowó ara wọn rà ṣe é. Bí ọ̀kan nínú wọn bá bá a lọ, ta ló máa dáwó fún ìyàwó rẹ̀?

Mi ò ní ojútùú gbogbo rẹ̀ o, ẹ má tàn ara yín. Ṣùgbọ́n ní 1812, Penzance náà ta ọkọ̀ rẹ̀ nítorí owó. Ọdún 41 kọjá kí RNLI tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Ó lè bẹ̀rẹ̀, kó kú, kó tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ síbi iṣẹ́, ẹ wo okùn jákẹ́ẹ̀tì yín kí ọkọ̀ tó gbéra. Bó bá ti já, ẹ béèrè òmíràn, ẹ má tijú. Ẹ sì mọ orúkọ àwọn apẹja tó wà ní èbúté yín. Èmi ti mọ ti bàbá yẹn báyìí, nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù mi.

Bí ẹ bá ní ìtàn ẹni tó yọ yín lójú omi, ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. A máa lò ó nínú ètò tó ń bọ̀. Ó dìgbà kan ná. Omi ò ní gbé wa lọ o.